Ọ̀ṣọ́ Ilé fún Ọjọ́ Ọdún: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe É

Ẹ̀yin ará wa ní Jeddah àti Mẹ́kà, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé lójú àwọn bàbá kan láàárín wa, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Ó kan àpò wa, ó sì kan àwọn ọmọ wa.

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, fóònù gbogbo ilé Yorùbá níbí á bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún fọ́tò láti ilé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ní Ìbàdàn ti gbé iná aláwọ̀ mèremère kọ́ sí iwájú ilé. Màmá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ní kí wọ́n so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà fún Kérésìmesì. Ọmọ tí a bí síbí á wá béèrè pé, "Dádì, àwa ńkọ́? Kí ló dé tí ilé tiwa kì í rí báyìí?" Ìdáhùn tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé àwa kì í ṣe Kérésìmesì. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé kan náà lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí lọ́jọ́ Iléyá: ògiri funfun, ẹ̀rọ amúlétutù, tẹlifíṣọ̀n, àga. Bí a bá yọ ìrẹsì àti ẹran kúrò, kí ló yàtọ̀ sí ọjọ́ Mọ́ńdè? Ọmọ náà fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún òun náà ni, ìbéèrè rẹ̀ sì tọ́.

Èmi tí ìṣirò owó jẹ́ iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí mo mọ̀ wọ̀ ọ́. Láti oṣù Keje 2017 ni ìjọba Sáúdí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí ìyàwó àti ọmọ àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ níbí: 100 riyal lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọdún àkọ́kọ́, 200 ní 2018, 300 ní 2019, ó sì di 400 ní 2020. Ẹni tó bá ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta, orí mẹ́rin ló ń san. Ìyẹn jẹ́ 1,600 riyal lóṣù, 19,200 riyal lọ́dún, kó tó san owó ilé, kó tó san owó iléèwé. Gbogbo wa la mọ àwọn tó kó ìyàwó àti ọmọ padà sílé nítorí rẹ̀, tí bàbá nìkan wá ṣẹ́kù síbí tó ń fi fóònù tọ́ ọmọ. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé kí a ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, n kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dáwó sílẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá. Òṣùpá oníke tí wọ́n ń tà níbẹ̀, kì í ju ọdún kan lọ tó fi ń kán.

Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nígbà tí àwa wà lọ́mọdé? Ta ló ń ra ọ̀ṣọ́ ọdún nígbà náà? Àwọn ọmọdé á ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ níwájú ilé, wọn á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó yí ká, ó di ilé Kérésìmesì nìyẹn. Wọn á gé bébà aláwọ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọn á fi sítáàṣì tí màmá sè fún aṣọ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní oruka oruka títí yóò fi di ẹ̀wọ̀n gígùn, ó di pálọ̀. Ọmọ Ààfáà wà níbẹ̀, ọmọ olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Nígbà Iléyá, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni yóò kọ́kọ́ dé ìdí àgbò. Bàbá tèmi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò ìyá mi sì wà nínú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ilé yín rí.

Nípa imọ̀ ọ̀pẹ yìí, ẹni tó bá ń ka Súrátù Maryam yóò rántí pé ìdí igi dàbínù ni ìrọbí mú ìyá Ànábì Ísà, alááfíà kó máa bá a, tí dàbínù tútù sì já bọ́ fún un jẹ. Ọ̀pẹ ni igi dàbínù náà, ìran kan náà ni pẹ̀lú ti ilé wa. Bí ọmọ yín bá bèèrè ohun tí imọ̀ ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà màmá àgbà, ẹ ti rí ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, láìsí pé ẹ bú ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà inú wa kò sì ní gbàgbé ọdún 2000. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ni ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí níbí lọ́dún náà, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn Kérésìmesì. Nílé, ọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló ṣe ọdún méjèèjì fún ilé tí ẹ̀sìn méjì bá wà. Bí ìṣirò òṣùpá kò bá yẹ̀, wọn yóò tún súnmọ́ra bẹ́ẹ̀ ní 2033.

Àwọn ará wa tó ti kúrò nílé ṣáájú wa ṣe irú nǹkan yìí dáadáa ju àwa lọ. Àwọn Oku ní Freetown, ìran Yorùbá ni wọ́n. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gba àwọn baba ńlá wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì di ẹ̀sìn Ìsìláàmù mú ní Fourah Bay títí dòní. Ní ìlú Freetown, láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí ààwẹ̀ bá ń lọ sópin, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á fi igi àti wáyà ṣe egungun àtùpà ńláńlá, wọn á fi bébà bò ó, wọn á tan iná sínú rẹ̀, wọn á sì gbé e jáde lóru. Òmíràn á dà bí mọ́ṣáláṣí, òmíràn bí ọkọ̀ ojú omi, òmíràn bí ẹranko. Ní Banjul ní orílẹ̀-èdè Gambia, níbi tí àwọn Aku tí wọ́n jẹ́ ìbátan wọn wà, irú àtùpà bébà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gé bí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń pè ní fanal, ìgbà Kérésìmesì ni wọ́n sì ń gbé tiwọn káàkiri. Bébà kan náà, àbẹ̀bẹ̀ iná kan náà, ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ará Íjíbítì ní tiwọn, fanous tí wọ́n ń gbé kọ́ nígbà ààwẹ̀, òun náà la ń rí ní gbogbo ọjà Jeddah bí Ràmàdáánì bá ti ń bọ̀.

Ẹ tún kó àwọn ọmọ lọ sí al-Balad, àárín ìlú Jeddah àtijọ́ tí UNESCO fi sára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2014. Òkúta inú Òkun Pupa ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé náà. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n wò níbẹ̀ ni àwọn fèrèsé onígi tó yọ síta lára ògiri, tí wọ́n ń pè ní rawashin. Wọ́n gbẹ́ igi wọn ní ihò wẹ́wẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ará òde má sì rí inú ilé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú pẹ́ńsùlù àti ìwé dání, kó ya ọnà kan tó wù ú. Bí ẹ bá dé iwájú Ilé Nasseef, tí wọ́n parí ní 1881, ẹ wo igi ńlá tó wà níbẹ̀. Dọ́ńgóyárò ni! Igi tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ sè àgbo ibà fún wa, òun ló dúró sí iwájú ilé tí Ọba Abdulaziz dé sí nígbà tó gba Jeddah ní 1925. Ó máa ń dùn mọ́ mi nígbàkigbà tí mo bá rí i.

Mẹ́kà ni olórí iṣẹ́ ọwọ́ wà. Aṣọ Káábà tí gbogbo wa ń rí, iléeṣẹ́ kan ní Umm al-Joud ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1977. Ṣáájú rẹ̀, Íjíbítì ló ń fi aṣọ náà ránṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1962. Sílíkì tí wọ́n ń lò tó nǹkan bíi 670 kìlógíráàmù, wọ́n sì ń fi òwú wúrà àti òwú fàdákà ya ọnà sí i. Ẹ̀rọ ló ń hun aṣọ náà o, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà tó yọ lára rẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin tó jókòó ti abẹ́rẹ́ ló ń rán an, wọn á fi òwú tì í lábẹ́ kó lè wú. Ẹ rí i pé iṣẹ́ tí àwọn oníjákàn ń ṣe sí ọrùn agbádá wa nílé kò ṣàjèjì. Ọjọ́ Àráfà ni wọ́n máa ń pààrọ̀ aṣọ náà tẹ́lẹ̀. Láti 2022 ni wọ́n ti gbé e lọ sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Mùhárámù. Ẹ sọ fún àwọn ọmọkùnrin yín tó ń ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀ṣọ́ ọdún jẹ́ àfarawé àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Èmi kì í ṣe Ààfáà, n kò sì ní jókòó sórí àga wọn. Ẹni tí Ààfáà rẹ̀ bá ní kó má ṣe é, kó gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé igi Kérésìmesì wọ pálọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọjọ́ ọdún tiwa hàn lára ilé, kí ọmọ sì mọ̀ pé ọwọ́ òun wà níbẹ̀. Ní ti ìyàwó tàbí àbúrò tó jẹ́ onígbàgbọ́ tó ń bá wa gbé ní Jeddah, tí kò lè bá wa dé Mẹ́kà, kò sí ohun tó burú bí ọmọ bá gé bébà fún un nínú oṣù Kejìlá.

Ó yá, àtùpà tí a lè ṣe nìyí. Ẹ wá páálí líle, ti dàbínù dára jù. Ẹ gé ojú mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní 30 sẹ̀ǹtímítà, kó fẹ̀ ní 15. Kí ọmọ ya ọnà fèrèsé al-Balad tó yà sínú ìwé rẹ̀ sójú páálí, ẹ fi ìka méjì sílẹ̀ yí etí rẹ̀ ká, kí àgbàlagbà fi ọ̀bẹ bá a yọ ihò rẹ̀. Ẹ lẹ bébà aláwọ̀ tó fẹ́lẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ má fi páálí ṣo páálí pọ̀ ní etí. Àjákù àǹkárá tí ẹ gé ní tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ etí mẹ́ta, kó lè máa ṣẹ́ bí ilẹ̀kùn. Etí kẹrin, òwú ni kí ẹ fi so ó. Kò nílò ìsàlẹ̀, orí iná wẹ́wẹ́ oníbátìrì lẹ óò gbé e lé. Àbẹ́là kò sí níbẹ̀ o! Bébà àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Ẹ má sì kọ áyà Kùránì sí ohun tí ẹ óò dà nù lẹ́yìn ọdún.

Ìdí tí mo fi ní kí ó máa ṣẹ́ ni pé bí ẹ bá tú òwú rẹ̀, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mẹ́kà, tí ìdílé rẹ̀ ti padà sílé, ojú méjì ló ń gé níbí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gé ojú méjì yòókù ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwọ̀n kan náà. Ó ti rán ojú méjì tirẹ̀ sínú ẹrù alálàájì kan, kò sì gba àyè ju aṣọ kan lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó gbé e sórí tábìlì, tó sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Ojú tó wà níwájú nínú fọ́tò náà, èyí tí bàbá gé ni, ó wọ́ díẹ̀.

Ní ìpàdé ìdílé wa tó ń bọ̀, èmi yóò kó páálí àti gọ́ọ̀mù wá. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú sísọ́ọ̀sì kan, rúlà kan àti àjákù àǹkárá wá. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ dá wà níbí, ẹ má sọ pé ẹ kò lọ́mọ tí ẹ óò mú dání. Ẹ wá gé ojú méjì tiyín.