Ìgbéyàwó ní Erékùṣù Fíjì: Ká Tọrọ Ààyè Ká Tó Tẹ́ Ẹní

Ọmọ ẹni lè wà lókè òkun, kó ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ kan pé etí òkun ní erékùṣù kan tó jìnnà réré lòun fẹ́ ti gbéyàwó, àti pé àṣà àwọn ará ibẹ̀ lòun fẹ́ fi ṣe é. Òbí á gbọ́, á dákẹ́, á máa wo òkè. A ò ní kí ẹ bá ọmọ jà. Ohun tí a fẹ́ sọ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí kì í fi í di àbámọ̀. Fíjì la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí àlejò púpọ̀ ló ń lọ gbéyàwó níbẹ̀, àṣà ibẹ̀ sì ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ọjọ́ àti ìwé

Inú òkun Pàsífíìkì ni Fíjì wà. Erékùṣù rẹ̀ lé ní 300, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni èèyàn ń gbé. Nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán bá lù nílé wa, aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹrin ni àsìkò ìjì líle níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1916 kọ́ o, ọdún 2016 lásán yìí ni, ìjì tí wọ́n pè ní Winston jà, ó pa èèyàn 44, ó sì wó ilé rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀, kó mú ọjọ́ láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. Ọkọ àti ìyàwó fúnra wọn ni yóò yọjú sí ọ́fíìsì rẹ́jísítrà láti gba ìwé àṣẹ. Wọn yóò mú ìwé ìrìnnà, ìwé ọjọ́ ìbí àti ẹ̀rí pé wọn kò ní ọkọ tàbí aya nílé dání. Ẹni tó ti kọ ọkọ tàbí aya rí yóò mú ìwé ilé ẹjọ́ wá. Opó yóò mú ìwé ẹ̀rí ikú. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè gbéyàwó níbẹ̀. Kí wọ́n kọ̀wé béèrè ṣáájú o, kí wọ́n má fi í di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ta ló ni ilẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ilẹ̀ Fíjì tó jẹ́ ilẹ̀ ẹbí fún àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní iTaukei. Ilẹ̀ tí ẹ rí tó dá páropáro lẹ́bàá òkun yẹn, ó ṣeé ṣe kó ní olówó. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́: àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Àlejò tó bá fẹ́ wọ abúlé, gbòǹgbò yaqona ló máa mú lọ bá olóyè ibẹ̀. Sevusevu ni wọ́n ń pe ètò náà. Bí obì ṣe rí lọ́wọ́ tiwa ni yaqona rí lọ́wọ́ wọn. Àní, ẹbí kan náà ni òun àti iyèré tí a fi ń se ọbẹ̀. Wọ́n á gún un, wọ́n á fi omi pò ó nínú ọpọ́n igi, wọ́n á sì fi èèpá àgbọn bù ú fún èèyàn. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó gbà á, ẹ mu ún tán, kí ẹ wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe ọtí, ṣùgbọ́n ahọ́n á kú díẹ̀. Ẹ ṣí fìlà nínú abúlé, ẹ bo èjìká, ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má sì fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni.

Ẹrù ìyàwó tiwọn

Eyín àbùùbùtán tí wọ́n fi okùn so, tabua lorúkọ rẹ̀, ni ẹbí ọkọ fi ń tọrọ ọmọ. Bí ẹbí ìyàwó bá gbà á, wọ́n ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ẹ má rà á kí ẹ gbé e sínú àpótí bọ̀ o! Òfin àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó kò gbà á láìsí ìwé àṣẹ.

Aṣọ wọn ni masi. Èèpo igi ni wọ́n ń bó, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á lù ú títí yóò fi fẹ̀, wọ́n á wá tẹ bátànì sí i. Àwọn obìnrin erékùṣù Vatulele mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ ra èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe, kí owó lè dé ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Ní ti oúnjẹ, ihò ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á fi òkúta gbígbóná sí i, wọ́n á di ẹran, ẹja, ẹ̀gẹ́ àti kókò sí i, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Lovo nìyẹn.

Ẹ rántí pé àṣà kan ṣoṣo kọ́ ló wà níbẹ̀. Láàárín ọdún 1879 sí 1916, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó èèyàn bí 60,000 wá láti Íńdíà fún iṣẹ́ oko ìrèké, àwọn ọmọ wọn sì ní ìgbéyàwó tiwọn. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá ní “àṣà Fíjì” lòun ń tà, ẹ bi í pé ti ta ni, ta ló sì máa ṣe é, èló ló máa kàn án?

Owó ńkọ́?

Ẹ ka orí kí ẹ tó ka owó. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ òfúrufú àwọn òbí? Àwọn ẹbí tó kù ńkọ́? Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé kí wọ́n tó mú ọjọ́. Ẹ má tìtorí etí òkun ẹlòmíràn wá yáwó tí ọdún mẹ́ta kò ní san tán. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n!

Èyí tó ká wa lára jù ni ti ìyá àgbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè wọ ọkọ̀ òfúrufú. Owó kò lè ra àdúrà rẹ̀ ní Fíjì. Ẹ jẹ́ kí ìdána wáyé nílé kí wọ́n tó lọ, kékeré ni ì báà jẹ́, kí àwọn àgbà gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ọmọ tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun tọrọ ààyè lọ́wọ́ olóyè abúlé àjèjì, ó yẹ kó kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bí i.

Ohun rere la ó máa náwó lé lórí o. Ó dìgbà kan ná.