Òwú Pupa Tí Kì í Ṣí: Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Fún Yàrá Ọmọdé

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ni màá fi kí i. Mo ra aṣọ funfun, mo ya ehoro sí i, mo fi òwú pupa rán ìlà rẹ̀ yí ká, mo fi ṣe àpò ìrọ̀rí. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo sì lọ̀ ọ́. Ehoro ti di àbàwọ́n! Pupa rẹ̀ ti ṣàn kiri gbogbo aṣọ. Lọ́jọ́ kejì, àǹtí wa kan gbé e sókè lójú èrò, ó ní, "Ṣé kò sí o? Ta ló fara pa?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun.

Nígbà tí mo padà sí Jos níbí, olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní Home Economics ní kí n lọ ka ìtàn irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Redwork ni wọ́n ń pè é. Àṣé ohun tó dójú tì mí yẹn gan-an ló fà á tó fi jẹ́ òwú pupa ni wọ́n ń lò!

Láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ òwú aláwọ̀ ló máa ń ṣí bí a bá fọ̀ ọ́. Ọ̀kan wà tí kì í ṣí, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Turkey red. Apá ìlà oòrùn ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá; ó dé Glasgow ní 1785. Gbòǹgbò ewéko kan tó ń jẹ́ madder ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́, pẹ̀lú òróró ólífì tó ti kan, álọ́ọ̀mù, àti ìgbẹ́ ẹran pàápàá. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rẹ ẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní 1868, àwọn ará Jámánì méjì, Graebe àti Liebermann, rí ọ̀nà ṣe àwọ̀ inú gbòǹgbò náà láìlo gbòǹgbò, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. (Àwọn bàbá wa náà mọ iyì òwú pupa: inú aṣálẹ̀ Sàhárà ni òwú sílíìkì tí wọ́n fi ń hun àlàárì gbà dé ọ̀dọ̀ wa.)

Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ ní London ní 1872. Wọ́n kó iṣẹ́ wọn lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Philadelphia ní 1876, ó sì wọ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà lójú. Nígbà tó yá, àwọn ìsọ̀ ń ta aṣọ funfun onígun mẹ́rin tí wọ́n ti tẹ àwòrán sí, penny kan fún ẹyọ kan. Àwọn ọmọdé ń fi í kọ́ abẹ́rẹ́: ológbò, ẹyẹ, ọmọbìnrin tó dé fìlà ńlá bíi ti inú ìwé Kate Greenaway. Bí ó bá pọ̀ tó, wọ́n á so ó pọ̀ di aṣọ ìbora alábùlẹ̀ fún ibùsùn ọmọ.

Iṣẹ́ náà ò le rárá. Ìlà àwòrán nìkan là ń tẹ̀ lé, a kì í rán inú rẹ̀. Ẹ lẹ ìwé tó ní àwòrán mọ́ gíláàsì fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí, ẹ gbé aṣọ lé e, kí ẹ fi pẹ́ńsù tọ ìlà rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Fọ́nrán 6 ló wà nínú òwú iṣẹ́ ọnà. 2 péré ni kí ẹ fà yọ. Kó má gùn ju láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ta kókó. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ láti abẹ́ aṣọ, ẹ gún un wọlé níwájú bí ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan, kí ẹ tún yọ ọ́ ní àárín méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí òwú máa wà nígbà gbogbo. Á rí bí okùn tí a lọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kó ojú abẹ́rẹ́ rárá, ẹ dán òwú wò. Kì í ṣe gbogbo pupa inú ọjà ló jẹ́ ojúlówó. Ẹ rẹ díẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ní ọṣẹ, nínú ife funfun, fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ wá fi áńkáṣíìfù funfun tẹ̀ ẹ́. Bó bá pọ́n áńkáṣíìfù, ẹ pààrọ̀ omi títí yóò fi mọ́. Bí kò bá mọ́, ẹ sọ òwú náà nù. Bó bá sì ti ṣàn sára aṣọ, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì gbé áyọ́ọ̀nù sún mọ́ ọn. Ẹ tètè kì í bọ omi tútù. Áyọ́ọ̀nù ló bá tèmi jẹ́ pátápátá.

Ní báyìí, ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe ọ̀kan fún yàrá jẹ́lé-ó-sinmi àwọn ọmọ olùkọ́. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. Márùn-ún lọ́nà márùn-ún, ó ṣe régí. A fún ajá, D fún dòdò, Ẹ fún ẹja, I fún ìjàpá. Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ló dá ṣáká lẹ́nu àwọn ọmọ náà. Púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀yàtọ̀ o àti ọ. Nítorí náà, ẹni tó bá mú Ẹ, Ọ tàbí Ṣ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ o! Ẹ wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gún un padà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti yọ, kókó kékeré tó bá jókòó síbẹ̀ ni àmì yẹn.

Ara ògiri la máa gbé e kọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ sùn pẹ̀lú ìrọ̀rí tàbí aṣọ tó lè bò ó nímú. Ìyẹn náà, mi ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń rán àpò ìrọ̀rí kiri.

Gb, Ṣ àti Y ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá bá mi ní yàrá Home Economics ní Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Òwú wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.