Yíyan Sítóòfù Onígi tàbí Eléèédú fún Ilé ní Ìlú Òtútù

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ń ka abala yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nílé níhìn-ín, bí ọ̀yẹ́ bá mú, aṣọ ìbora kan tó wa. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin, ilé tí kò ní ohun tí ń mú un móoru kò ṣe é gbé. Gáàsì àti iná mànàmáná ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n nítorí ọ̀wọ́n wọn, àwọn mìíràn ń ronú láti ra sítóòfù irin tí a ń fi igi tàbí èédú dá. Ohun rere ni bí a bá fi ọgbọ́n yàn án. Bí a kò bá sì fi ọgbọ́n yàn án, ó lè gba ẹ̀mí.

Ààrò àtijọ́ tí ó ṣí sílẹ̀ lára ògiri dára ní wíwò, ṣùgbọ́n ajẹgirun ni. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ooru rẹ̀ ni ó ń bá èéfín gba òkè lọ. Sítóòfù irin tí ó ní ilẹ̀kùn a máa pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru náà mọ́ sínú ilé, nítorí pé onílé ni ó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ń wọ inú rẹ̀.

Èkíní, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó máa dá. Igi a máa jó dáradára lórí eérú ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè ni ó sì ń fẹ́. Èédú kò rí bẹ́ẹ̀: ó ń fẹ́ irin oníhò lábẹ́ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ti ìsàlẹ̀ wọlé, kí eérú sì lè máa jò sílẹ̀. Nítorínáà, kí a má ṣe dá èédú sínú sítóòfù tí a ṣe fún igi nìkan.

Òfin pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù December 1952, èéfín èédú àti kùrukùru bo ìlú London fún ọjọ́ márùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Láti inú ìbànújẹ́ yìí ni òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1956 ti jáde. Títí di òní, adúgbò púpọ̀ wà tí ó jẹ́ pé èédú aláìléèéfín nìkan ni a gbọ́dọ̀ dá níbẹ̀, àfi bí sítóòfù náà bá jẹ́ èyí tí ìjọba fọwọ́ sí. Èéfín kò ṣe é bò mọ́lẹ̀: ìtanràn rẹ̀ ní England jẹ́ £175 sí £300. Láti May 2023 sì ni títa èédú eléèéfín fún ìdáná ilé ti dópin níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ igi, kí ó gbẹ. Igi tútù lè jẹ́ omi ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Omi náà ni iná yóò máa bá jà kí ó tó fún yín ní ooru. Kí omi inú rẹ̀ má ju 20 nínú 100 lọ.

Èkejì, kí sítóòfù bá yàrá mu. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga yàrá ní mítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ sì fi 14 pín in. Yàrá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 7, ìbú 4, gíga 2.5, jẹ́ 70. Sítóòfù kílówáàtì 5 tó o. Ẹni tí ó bá ra èyí tí ó tóbi jù, ooru yóò lé e títí yóò fi sé afẹ́fẹ́ mọ́ iná. Iná tí a sé mọ́ yóò máa rú èéfín, ọ̀dà dúdú yóò sì lẹ̀ mọ́ ihò èéfín, èyí tí ó lè gbiná lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó a máa bí afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, ó sì lè pa ẹni tí ó sùn láìjí. Nítorínáà, kí oníṣẹ́ tí a mọ̀ fún iṣẹ́ náà, bí àwọn tí HETAS forúkọ wọn sílẹ̀, bá yín gbé sítóòfù kalẹ̀. Kí ẹ̀rọ tí ń kígbe bí afẹ́fẹ́ náà bá dé wà nínú yàrá. Kí a sì gbá ihò èéfín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bí ó bá jẹ́ igi ni a ń dá. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín pẹ̀lú: ìkòkò èédú tí a ń lò ní àgbàlá nílé kò gbọdọ̀ wọ inú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ láéláé, ìbáà ṣe pé ó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́.

Níkẹyìn, sítóòfù tí ó dára jù lọ pàápàá ń tú eruku èéfín tín-ín-tìn-ìn jáde. Ilé tí ọmọ tàbí àgbàlagbà tí ó ní ikọ́ fée bá wà, tí ó sì ní ohun mìíràn tí ń mú un móoru, yóò ṣe dáradára bí kò bá ra sítóòfù rárá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí ẹ fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọmọ yín kí òtútù tó dé, kí ó lè béèrè ohun tí ó yẹ kí ó tó náwó.