Ẹni Tí Kò Rà, Tí Kò sì Tà: Àwọn Tó Ń Fi Òǹtẹ̀ Lu Káàdì Eléré Ìdárayá

Káàdì kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 82. Ilé-iṣẹ́ Fleer ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ fún sáà bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti 1986 sí 1987, wọ́n sì dì í pọ̀ mọ́ ṣingọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọdé. Ọmọ Yorùbá ni ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára káàdì náà. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963, sìmẹ́ǹtì sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń tà. “Akeem Olajuwon” ni wọ́n kọ sí i, nítorí pé ọdún 1991 ló tó ní kí wọ́n máa fi H ṣáájú orúkọ òun. Lónìí, ẹ̀dà káàdì yìí méjì lè wà lórí tábìlì kan náà, kí ó jẹ́ pé ilé ìtẹ̀wé kan náà ló tẹ̀ wọ́n, kí ọ̀kan má ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí èkejì sì ju owó alùpùpù tuntun lọ.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni ike líle kan tí wọ́n fi pa èkejì mọ́, àti máàkì tí wọ́n kọ sí orí ike náà. Àwọn tó fún un ní máàkì yẹn kò rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì tà á fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sọ bóyá ojúlówó ni, kí wọ́n sọ bí ó ṣe gbó tó, kí wọ́n sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Lórí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni òwò ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là dúró lé.

Ẹni tó bá ń ná ọjà Òkè-Odò mọ ibi tí mò ń lọ. Kí ìyá tó gbọ́n tó dá sí ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta gàrí, ìdí kọ́ńgò ló kọ́kọ́ ń wò, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, òwò káàdì kò ní kọ́ńgò àjùmọ̀lò kankan. Ohun tí olúkúlùkù òǹtajà bá pe ọjà rẹ̀ náà ni ọjà ń jẹ́.

Baseball ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, èyí tí kò wọ́pọ̀ ní Alimọ́ṣọ́ wa níbí. Àwọn tó ń ta sìgá ní Amẹ́ríkà ló ń fi káàdì eléré sínú páálí sìgá, kí páálí má baà ká, kí oníbàárà sì lè padà wá ra òmíràn. Láti 1909 sí 1911, American Tobacco Company tẹ irú káàdì bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùkójọ ń pè ní T206. Honus Wagner, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà, ní kí wọ́n má tẹ tòun mọ́, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tí díẹ̀ ti jáde. Àwọn ẹ̀dà tó kù tí gbogbo ayé mọ̀ kò ju nǹkan bí ọgọ́ta lọ.

Orúkọ T206 yẹn fúnra rẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó yẹ kí a mọ̀ ló ti wá. Jefferson Burdick kì í ṣe olówó. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ohun èlò iná mànàmáná ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Syracuse, àìsàn oríkèé-ara sì ń dà á láàmú. Òun ló pín gbogbo káàdì Amẹ́ríkà sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí ó fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ohun tó lé ní 300,000 ló kó fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York, tí ó lé ní 30,000 nínú wọn sì jẹ́ káàdì baseball. Fúnra rẹ̀ ló ń lẹ̀ wọ́n mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù títí di oṣù kìn-ín-ní 1963, ó sì kú ní oṣù kẹta ọdún náà. Ìtò rẹ̀ jẹ́ kí a mọ irú káàdì tí ó wà. Bí káàdì kan ṣe gbó tó kò sí nínú ohun tó ń yẹ̀ wò.

Ogójì ọdún lẹ́yìn T206, ṣingọ́ọ̀mù gba ipò sìgá. Ilé-iṣẹ́ Topps tẹ ọ̀wọ́ rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ́dún 1952, nínú èyí tí káàdì Mickey Mantle, agbábọ́ọ̀lù baseball, wà. Ọjà náà kò tà tán. Sy Berger, ẹni tó ṣètò ọ̀wọ́ yẹn gan-an, kó páálí tó ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́dún 1960, ó sì dà wọ́n sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ní oṣù kẹjọ 2022, ẹ̀dà Mantle kan láti inú ọ̀wọ́ yẹn tà ní dọ́là mílíọ̀nù 12.6. Ilé-iṣẹ́ olùyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní SGC ló fún un ní máàkì 9.5 nínú 10.

Nígbà tí owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ìjà bẹ̀rẹ̀. James Beckett, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé iye owó káàdì lọ́dún 1979, ó sì dá ìwé ìròyìn rẹ̀ tó ń jáde lóṣooṣù sílẹ̀ ní 1984. Ìwé náà sọ iye tí káàdì tuntun ń lọ àti iye tí èyí tó ti gbó ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ pé tuntun ni? Òǹtajà á ní tuntun ni, òǹrajà á ní ó ti gbó, tí oníkálukú sì ní ìdí tí ó fi rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1991, David Hall, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe irú iṣẹ́ ìyẹ̀wò yìí fún owó ẹyọ láti 1986, dá ilé-iṣẹ́ PSA sílẹ̀ ní Califọ́níà fún káàdì. SGC tẹ̀ lé e ní 1998, ilé-iṣẹ́ Beckett náà sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1999.

Káàdì Olajuwon yẹn dára láti fi ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ohun mẹ́rin ni olùyẹ̀wò ń wò lábẹ́ iná àti awò amúǹkantóbi. Ó ń wò bóyá àwòrán wà ní àárín gbùngbùn tàbí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá wọ́n ṣì mú. Ó ń wo etí káàdì, ó sì ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó ha tàbí yíǹkì ta sí i. Ọ̀wọ́ Fleer 1986 ṣòro nítorí pé àwọ̀ pupa àti búlúù ló yí àwòrán ká títí dé etí. Bí ọmọdé bá fi káàdì bẹ́ẹ̀ gbá orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan péré, àwọ̀ á ṣí, funfun á yọ bí eyín, kò sì sí bí a ṣe lè fi pamọ́. Ìdí nìyẹn tí máàkì 10 fi ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀wọ́ yẹn. Káàdì Michael Jordan, nọ́ńbà 57 nínú ọ̀wọ́ kan náà, tà ní dọ́là 738,000 ní oṣù kìn-ín-ní 2021 nígbà tó jẹ́ máàkì 10. Èyí tó gba 9 kì í sún mọ́ iye yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ àárín 9 àti 10.

Ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń sọ pé orúkọ ẹni tó ni káàdì kì í dé iwájú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà tó dára ni. Kò sì tó.

Káàdì Wagner kan ni PSA kọ́kọ́ fún ní máàkì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991, máàkì 8, èyí tó ga ju ti gbogbo Wagner yòókù lọ. Wayne Gretzky, ìlúmọ̀ọ́ká eléré họ́kì orí yìnyín, àti Bruce McNall, tó ni ẹgbẹ́ tí Gretzky ń ṣeré fún, ti rà á lọ́dún yẹn ní dọ́là 451,000. Ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí tí Ken Kendrick, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arizona Diamondbacks, fi rà á ní dọ́là mílíọ̀nù 2.8 lọ́dún 2007. Ní gbogbo ìgbà yẹn ni àwọn olùkójọ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé etí káàdì náà ti gún ré jù. Ní oṣù kẹwàá 2013, Bill Mastro, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nínú òwò gbàǹjo káàdì, jẹ́wọ́ níwájú ilé-ẹjọ́ pé òun ti gé ẹ̀gbẹ́ káàdì náà kí ó lè dà bí tuntun. Wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 20 lọ́dún 2015. Nínú òfin olùyẹ̀wò gbogbo, káàdì tí wọ́n gé kò yẹ fún máàkì kankan. Èyí tó jẹ́ ìpìlẹ̀ gbogbo wọn gan-an ni wọ́n ti gé.

Mo gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ yìí rò. Òǹtẹ̀ kì í yí ohun tó wà nínú ike padà. Èrò ẹnìkan ni, tó ní ìmọ̀ tí ó sì ń gba owó iṣẹ́. Owó iṣẹ́ ọ̀hún sì ń ga sí i bí iye káàdì bá ṣe ga tó, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fún káàdì ní máàkì ńlá ni owó ńlá ń wọlé fún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Collectors, ilé-iṣẹ́ tó ni PSA, ra ilé gbàǹjo Goldin lọ́dún 2021, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí eBay fi gbà á ní 2024. Fún bí ọdún mẹ́ta, ọ̀gá kan náà ló ni adájọ́ tó sì ni ìsọ̀. Ní 2024 kan náà ni Collectors ra SGC, tí ó jẹ́ alátakò PSA. Èmi kò sọ pé ẹnikẹ́ni jalè. Ohun tí mò ń sọ ni pé àǹfààní tí olùyẹ̀wò ní ni pé kò sí ìpín tirẹ̀ nínú ọjà, ọjọ́ tí ìpín bá sì ti wọ̀ ọ́, ó ti di òǹtajà bí àwọn yòókù.

Síbẹ̀, ibi tí kò bá sí wọn ti burú jù. Fleer kọ́ ló kọ́kọ́ tẹ káàdì Olajuwon. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Star ti tẹ tirẹ̀ ní sáà 1984 sí 1985, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹgbẹ́ Houston Rockets. Nítorí pé ayédèrú àti àtúntẹ̀ káàdì Star pọ̀ lóde, PSA kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi òǹtẹ̀ lù wọ́n. Káàdì tó ṣáájú, tó sì ṣọ̀wọ́n ju ti Fleer lọ, wá di ohun tí àwọn olówó ń sá fún, nítorí pé ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Giannis Antetokounmpo, eléré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí wọ́n bí sí Athens, Adétòkunbọ̀ ni orúkọ bàbá rẹ̀ kí àwọn Gíríìkì tó kọ ọ́ lọ́nà tiwọn. Káàdì rẹ̀ kan ṣoṣo, tí kò ní ìkejì láyé, tà ní dọ́là mílíọ̀nù 1.812 ní oṣù kẹsàn-án 2020. Bukayo Saka, agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, náà ti wà lára káàdì tí àwọn ọmọ London ń pààrọ̀. Níhìn-ín, àwọn tó ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìdímù, Ẹgbẹ́dá àti Ìgandó rántí káàdì àwọn oníjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pààrọ̀ ní àkókò ìsinmi, tí tíṣà á sì máa gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ ìgbà yẹn ti dàgbà, wọ́n ti ní fóònù, wọ́n sì lè ra káàdì láti Houston láìkúrò ní Òkè-Odò.

Ẹni tó bá fẹ́ rà, kí ó mọ̀ pé àwọn gbájúẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ayédèrú ike pẹ̀lú òǹtẹ̀ orí rẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lára gbogbo ike. Kí a tẹ̀ ẹ́ sí orí ojúlé PSA tàbí ti SGC kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí àwòrán bá wà níbẹ̀, kí a fi wé èyí tí òǹtajà fi ránṣẹ́, igun sí igun, nítorí pé ẹlòmíràn máa ń kọ nọ́ńbà káàdì gidi sára ayédèrú. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́, kò sí ọ́fíìsì wọn kankan ní Nàìjíríà. Owó ọkọ̀ òfuurufú lọ àti bọ̀, owó ìbánigbófò àti owó ẹnubodè lè gbé ìdajì iye káàdì lọ kí olùyẹ̀wò tó fojú kàn án. Ti àwọn tó ní ẹbí ní Houston, ìlú tí Olajuwon ti gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995, sàn díẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe káàdì òyìnbó nìkan la ń gbé kọjá òkun lọ yẹ̀ wò. Ní oṣù kẹfà 1874 ni àwọn sítáǹbù àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ LAGOS sí jáde, pẹ̀lú orí Ọbabìnrin Victoria. De La Rue ló tẹ̀ wọ́n ní London. London náà ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ti Royal Philatelic Society, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1894, ti ń fún irú sítáǹbù bẹ́ẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí títí di òní. Iná, awò, àkójọ ẹ̀dà tí a mọ̀ pé ojúlówó ni, àti èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó búra pé àwọn kò ní rà, àwọn kò sì ní tà: gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà gbà nìyẹn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Oníkàn, àwọn yunifásítì wà, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ náà wà, èyíkéyìí nínú wọn sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá bá sítáǹbù Èkó ti 1874 nínú àpótí bàbá àgbà rẹ̀ ní Òkè-Odò, London ni yóò fi í ránṣẹ́ sí.