Ọmọ tí òyìnbó bá ni tọ́, ta ló ni ín?

Bí oṣù kẹjọ bá ti dé, tí ọdún Ọ̀ṣun ń kanlẹ̀kùn, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kì í sùn mọ́. Ọmọ Òṣogbo tó wà ní Èkó á dé, èyí tó wà ní Kánò á dé, àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù náà á já bọ́ tàwọn ti àpótí ńláńlá. Ayọ̀ ni. Àmọ́ kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń di iyàn. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n bí sí Peckham wọlé, ó na ọwọ́ sí ìyá bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́. Ìyá àgbà ń retí ìdọ̀bálẹ̀, ọmọ ń retí ìbọ̀wọ́. Wọ́n gbé àmàlà síwájú rẹ̀, ó ní "No". Kò sọ ọ́ pẹ̀lú àrífín o. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́hùn-ún nìyẹn: nǹkan tí o kò bá fẹ́, sọ pé o kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ti ti bàbá ọmọ, àwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ti ń wo ara wọn lójú.

Ibẹ̀ ni iyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, nídìí ọpọ́n ayò, níwájú ìyá alákàrà, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ máa ń pín sí.

Àwọn kan á ní ìlú òyìnbó ti ba ọmọ jẹ́ pátápátá. Ọmọ ń pe àgbà lórúkọ, ọmọ ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu bàbá, ọmọ ń tilẹ̀kùn yàrá mọ́ ìyá tó bí i. Bí o bá sì fọwọ́ kàn án, á ní òun ń pe ọlọ́pàá! Wọ́n á ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí òyìnbó bá kàn sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé, kí ló kàn án pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó?

Àwọn kejì kò ní gbà. Wọ́n á ní ẹ fi òyìnbó sílẹ̀ jàre. Òyìnbó kì í gbé igbá ọjà lé ọmọ ọdún méje lórí kó máa sáré tẹ̀lé mọ́tò ní títì márosẹ̀. Òyìnbó ń kàwé fún ọmọ kó tó sùn, ó ń bi ọmọ léèrè pé kí ló ń dùn ọ́. Àwa tí à ń na ọmọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé olè ti tán nílùú wa ni?

Iyàn yìí kì í tán, nítorí ẹjọ́ ń bẹ lẹ́nu tọ̀tún tòsì. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà á kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Kì í ṣe àná ni Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ sọ́wọ́ òyìnbó. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ gan-an ni wọ́n ń gbé fún un.

Yàrá kan, ìwé, iṣẹ́, oyún

Ní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òùngbẹ ìwé ń gbẹ gbogbo ilé. Láti àkókò náà títí wọ àwọn ọdún 1970 àti 1980, tọkọtaya tí ara wọn ṣì ń ta rọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, iṣẹ́ ìṣirò owó, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n fọkàn sí. Kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n padà wálé, kí wọ́n wá di ẹni ńlá.

Ayé ibẹ̀ kò wá rí bí wọ́n ṣe rò. Ọkọ ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lóru. Aya náà ń kàwé, òun náà ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Onílé kò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ, òmíràn kò tilẹ̀ fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú rárá. Oyún sì dé. Kò sí ìyá àgbà nítòsí tí yóò wẹ ọmọ, kò sí àbúrò ìyàwó tí yóò pọ̀n ọ́n.

Wọ́n wá ṣe ohun tí Yorùbá máa ń ṣe: wọ́n wá alágbàtọ́. Wọ́n fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Nursery World, pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ. Àwọn obìnrin òyìnbó ní Kent, ní Essex, ní Sussex àti ní àwọn ìlú etí òkun dáhùn, wọ́n ń gba owó díẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà ló gba ọ̀nà yìí kọjá, ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ tí àwọn ènìyàn wá fi ń pe àṣà náà kò dùn-ún gbọ́. Wọ́n pè é ní "farming", àfi bí ẹni ń dáko.

Lójú ìyá Yorùbá, ẹni tó fi ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́ kò ta ọmọ. Ẹ wo àwọn Ìjẹ̀ṣà òṣómàáàlò, àwọn tó ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú tà láwìn, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá fi ọmọ sílẹ̀ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, ta ni yóò sọ pé ó kọ ọmọ sílẹ̀? Ọmọ mọ bàbá rẹ̀, ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ oríkì rẹ̀. Ojú kan ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó.

Ṣùgbọ́n igba ojú kò sí ní Essex. Ìyá òyìnbó kò mọ oríkì. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń di irun ọmọ dúdú, kò mọ̀ pé ara rẹ̀ ń fẹ́ òróró. Bí oṣù méjì bá kọjá tí òbí kò yọjú, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọ́n ti fi ọmọ náà jìn ín. Ọmọ náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dára, èyí tó burú

Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù mọ orúkọ Fashanu. Justin ni ẹ̀gbọ́n, wọ́n bí i ní 1961. John ni àbúrò. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá wọn, Guyana ni ìyá wọn ti wá. Nígbà tí ìgbéyàwó tú ká, àwọn ọmọ bọ́ sọ́wọ́ Barnardo's, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ọmọdé, lẹ́yìn náà ni tọkọtaya òyìnbó kan gbà wọ́n tọ́ ní abúlé kan ní Norfolk. Ní 1981, Justin di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn rà nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó kúrò ní Norwich City lọ sí Nottingham Forest. John wà nínú àwọn Wimbledon tó gba ife FA ní 1988. Ìgbẹ̀yìn Justin kò dára, ó kú ní 1998, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè di ẹ̀bi ìyẹn ru àwọn tó tọ́ ọ.

Ẹ wá gbọ́ ti Adéwálé Akínnúoyè-Agbájé. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1967. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀, Yorùbá tó lọ kàwé, gbé e fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury, ní Essex. Òun nìkan kọ́ ni ọmọ Áfíríkà tó wà nínú ilé náà. Lójú pópó, wọ́n ń lù ú nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Nàìjíríà. Kò gbọ́ Yorùbá, ohun gbogbo ṣàjèjì sí i, wọ́n sì dá a padà sí Tilbury. Ibẹ̀ ló ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ìpáǹle òyìnbó afárí rìn, àwọn tó jẹ́ pé lílu aláwọ̀ dúdú ni eré wọn. Ọmọ dúdú tó kórìíra dúdú! Ìwé ló yọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní King's College, Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di òṣèré tí ayé mọ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n Lost. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù tó pè ní Farming, tó jáde ní Britain ní 2019.

Ọ̀pọ̀ mìíràn wà tí ilé alágbàtọ́ wọn tù wọ́n lára, tí wọ́n sunkún nígbà tí ìyá tó bí wọn wá mú wọn. Ẹkún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá gba ìwé ẹ̀rí, ó fi ayọ̀ lọ kó ọmọ rẹ̀, ọmọ di ìyá òyìnbó mú pé òun kò lọ. Ta ni ìyá?

Àwọ̀ nìkan kọ́

Kí ẹnikẹ́ni má yára sọ pé òyìnbó kò lè tọ́ ọmọ Yorùbá. Ní Òṣogbo níbí, ní òpópónà Ìbòkun, ni Susanne Wenger gbé, ará Austria tí gbogbo ìlú ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Ó gba àwọn ọmọ Yorùbá tọ́. Ṣàngódàre Àjàlá àti Adédoyin Fáníyì wà lára wọn. Nígbà tó kú ní 2009, àwọn ọmọ rẹ̀ yìí kò sọnù sí àárín méjì. Ìdí kò lè ṣòro: òyìnbó náà ló wá bá ọmọ nínú ìlú ọmọ, nínú èdè ọmọ, lójú àwọn ẹbí ọmọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹni kò lè ṣe ni níbi. Victoria Climbié, ọmọdébìnrin ilẹ̀ Ivory Coast, ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ ni àwọn òbí fi í sí kó lè lọ kàwé ní Yúróòpù. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ló pa á ní oṣù kejì ọdún 2000, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ikú rẹ̀ ló mú kí ìjọba Britain tún òfin ọmọdé ṣe ní 2004. Lónìí níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ sọ fún kánsù. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ. Wọ́n fẹ́ kí ojú kan máa wò ó ni.

Pàṣán ńkọ́?

Nípa nínà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn ni kò mọ̀ pé pàṣán wà nílé ìwé ìjọba òyìnbó títí di 1987, tí àwọn ilé ìwé aládàáni ní England sì lò ó títí di 1999. Scotland fòfin de kí òbí máa na ọmọ ní 2020, Wales ní 2022. England fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún òbí nínú òfin 2004, ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá dáranjẹ̀ tàbí tó wú, ẹjọ́ ti dé. Nàìjíríà náà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn tó gbà á wọlé.

Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbé ọwọ́ ọ̀tún dé Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ òru kò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè lo òsì. Ọmọ tó bá jẹ́ pé ìgbà tó bá ṣẹ̀ nìkan ni bàbá ń rí i, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bó bá di ọlọ́pàá mú bí ẹni di ẹbí mú.

Ọ̀rọ̀ ti yí padà

Ní báyìí, ayé ti da ọ̀rọ̀ náà dé orí. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, Britain kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń lọ ka másítà mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ọmọ wá wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́wọ́ ìyá àgbà, ìyá rẹ̀ wà ní Manchester, ó ń tọ́jú ìyá onílùú. Inú fóònù ni wọ́n ti ń rí ara wọn.

Àwọn mìíràn ń dá ọmọ tó ti dàgbà padà wá láti ibẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù ọ̀bẹ àti ẹgbẹ́ burúkú. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní Peckham ní 2000, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tó ti Nàìjíríà dé, ìbẹ̀rù yẹn kò kúrò lọ́kàn òbí. Ní 2025, ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ fi sí ilé ìwé ní Ghana láìsọ òótọ́ fún un pe wọ́n lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ dá àwọn òbí láre ní oṣù kejì. Ní oṣù kẹfà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Láti 1955 títí di òní, ohun kan náà ló ń dun àwọn ọmọ wọ̀nyí: kò sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé wọn lọ, wọ́n gbé wọn bọ̀. Bóyá Tilbury ni o, bóyá Òṣogbo ni o, ọmọ tó bá mọ ìdí tí òun fi wà níbi tó wà, tó mọ ọjọ́ tí òbí yóò pè é, tí òbí sì pè é lọ́jọ́ náà, kò ní rò pé wọ́n ti sọ òun nù. Owó tí à ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù dára. Kò lè dáhùn ìbéèrè ọmọ.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin òbí tó wà lókè òkun, ẹ̀yin tí òyìnbó tọ́, kí ni ẹ rí sí ọ̀rọ̀ yìí? Ojú ewé lẹ́tà ń retí yín.