Tábìlì ẹ̀rọ mílíìnì tòkunbọ̀: Kì í ṣe gbogbo ihò ló ń ba ọjà jẹ́

Iṣẹ́ ò wọ́n fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù irin ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Àwọn tó ń rin ẹ̀gẹ́ ń wá púlì, àwọn onísọ́mìlì fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ojú kíì sára ṣáàfù, àwọn tó ń wa kùsà lágbègbè Ìjerò náà ń gbé irin tó ti jẹ wá. Ẹ̀rọ mílíìnì ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ (kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo o), ṣùgbọ́n owó tuntun rẹ̀ ga, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rà. Ohun tí ojú sì kọ́kọ́ ń rí lára tòkunbọ̀ ni tábìlì rẹ̀: ihò dríìlì níhìn-ín, àpá òòlù lọ́hùn-ún, ìpẹtà káàkiri.

Ihò fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, nítorí ara ibi tó kù ni fáìsì ń jókòó lé. Etí ihò ni ọ̀tá. Nígbà tí dríìlì tàbí òòlù bá kan tábìlì, irin á wú sókè léteetí ibẹ̀. Bí wíwú náà bá nípọn tó bébà kan péré, fáìsì á dagun, iṣẹ́ oníbàárà ò sì ní gún.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Wọ́n á fi kẹrosíìnì fọ tábìlì, wọ́n á ta ọ́ìlì sí i, wọ́n á wá fi òkúta ìpọ́nbẹ tó tẹ́jú dáadáa rá a díẹ̀díẹ̀. Gbàrà tí èékánná ò bá ti kọ́ etí ihò mọ́, ó tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gíráńdà pa àpá rẹ́, kòtò ni yóò gbẹ́ síbẹ̀. Kí wọ́n má sì gbé e fún wẹ́dà: irin dídà ni, iná lè là á tàbí kó jẹ́ kó tẹ̀. Ẹni tí ihò bá ń bí nínú lè fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì dí i, kí èérún irin má baà kó síbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí olówó ti la ojú ni etí àwọn ihò gbọọrọ tí wọ́n ń ki bóòtù sí. Bí ó bá ti ya, bóòtù ò ní dì mú, irin lè fò lójú iṣẹ́.

Èyí tó tún burú jù ni ojú irin tí tábìlì ń gbà rìn lábẹ́. Ẹ̀rọ bíi Bridgeport, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1938, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri ayé, àárín ojú irin yìí ló sì sábà máa ń jẹ jù nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Kí ẹni tó fẹ́ rà á ní kí wọ́n fún un nígbà tí tábìlì wà láàárín, kó wá yí i lọ sí ìpẹ̀kun. Bí ó bá há síbẹ̀, àárín ti jẹ nìyẹn. Òkúta ìpọ́nbẹ ò lè tún èyí ṣe. Àfi kí wọ́n tú tábìlì, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fá irin, bóyá Èkó tàbí Ìbàdàn, tí ṣọ́ọ̀bù yóò sì dákẹ́ títí yóò fi dé. Owó àtúnṣe yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n yọ nínú iye tí ọlọ́jà bá pè.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá dé ilé, kí wọ́n máa ta ọ́ìlì sí tábìlì ní alaalẹ́, pàápàá lásìkò òjò, kí wọ́n sì máa fi pátákó sábẹ́ irin tí wọ́n bá fẹ́ dá ihò sí.