Kí ló dé tí ojú èèyàn fi ń fẹ̀ nínú fídíò àtijọ́ lórí YouTube? Bí ẹ ṣe lè tún un ṣe rèé

Ẹni tó bá ń wo fíìmù Yorùbá àtijọ́ lórí YouTube á ti rí irú rẹ̀ rí. Òṣèré tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì ti sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ojú rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà, mọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gùn bíi rélùwéè. Kò kan òṣèré, kò sì kan ẹni tó gbé kámẹ́rà lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ẹni tó gbé fíìmù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò to ìbú àti òòró rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti fíìmù o. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń kó kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú jáde báyìí, kí àwọn ọmọ tó wà ní London tàbí Houston lè rí i wò. Nínú ilé mìíràn, inú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nìkan ni ohùn àti ìrìn bàbá tó ti kú kù sí. Kásẹ́ẹ̀tì sì máa ń bu, ẹ̀rọ tó lè gbé e pàápàá ti ń wọ́n. Tí ẹ bá máa rí i gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí ojú bàbá jáde bó ṣe rí.

Àmì kéékèèké tó tò pọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri ni gbogbo àwòrán inú kọ̀ǹpútà. Àmì yẹn ni wọ́n ń pè ní pixel. Resolution ni iye búlọ́ọ̀kù tó wà ní ìbú àti iye tó wà ní òòró, bíi 1920 × 1080. Pixel aspect ratio ní tiẹ̀ ni bí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ sí ní ìfiwéra pẹ̀lú gíga rẹ̀. Lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní, búlọ́ọ̀kù yẹn dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti tẹlifíṣàn àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

PAL ni ìlànà tẹlifíṣàn tí Nàìjíríà ń lò láyé kásẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà, 720 × 576 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi 576 pín 720, ẹ máa rí 1.25. Ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣàn ìgbà náà jẹ́ 4 sí 3, ìyẹn 1.33. Ohun tó mú un bára mu ni pé pixel PAL fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Tí ẹ bá kà á sí èyí tó dọ́gba, àwọn èèyàn á tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ ní fura. Èyí tó ń sọ èèyàn di arọ̀bọ̀tọ̀ yàtọ̀: wọ́n fa àwòrán 4 sí 3 kó lè kún ojú 1920 × 1080, tó jẹ́ 16 sí 9. Bí wọ́n ṣe fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún ìbú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Kámẹ́rà HDV náà ní tiẹ̀. 1440 × 1080 ló ń kọ sílẹ̀, àmọ́ 16 sí 9 ló yẹ kó jáde, torí 1.3333 ni pixel rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní àwòrán náà há.

Tí ẹ bá ń lo Premiere Pro, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máùsì lórí fídíò náà, ẹ lọ sí Modify, lẹ́yìn náà Interpret Footage. Fún kásẹ́ẹ̀tì 4 sí 3, D1/DV PAL (1.0940) ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ Sequence Settings, ẹ yan Square Pixels (1.0), kí ẹ sì kọ 1440 × 1080 síbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí, torí nọ́ńbà kan náà ni ti HDV. Tí pixel bá lọ wà ní 1.3333, ẹ ti padà sí ẹsẹ̀ àárọ̀. Ẹ wá fi Scale fa fídíò náà tó 187.5. Etí rẹ̀ díẹ̀ á yọ síta lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ dúdú ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Fífẹ̀ tí ẹ fẹ̀ ẹ́ yìí kò lè fi ohun tí kámẹ́rà kò rí kún un. Àǹfààní rẹ̀ ni pé YouTube máa ń fún fídíò tó tóbi ní ààyè dátà tó pọ̀ ju ti kékeré lọ, kò sì ní fún un pa bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọ̀pá dúdú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fúnra yín, YouTube á ṣe ìyẹn.

Ẹni tí kò ní owó Premiere lè lo HandBrake, ọ̀fẹ́ ni. Níbi Anamorphic, ẹ mú None, kí ẹ sì kọ 768 × 576. Ẹ tan Deinterlace pẹ̀lú, òun ló ń mú ìlà bí eyín ìyarí kúrò lára ẹni tó bá ń jó.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́? Ẹ wá ohun tó rí roboto nínú fídíò náà: táyà mọ́tò, aago ara ògiri, abọ́ ìrẹsì tí wọ́n gbé síwájú àlejò. Bó bá rí roboto lóòótọ́, ojú èèyàn náà ti tọ́ nìyẹn. Wíwọ̀n tí àwọn kan ń fi ojú wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Kí ẹ tó gbé gbogbo wákàtí méjì sókè, ẹ gé ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e lọ gẹ́gẹ́ bíi Private, kí ẹ sì wò ó lórí fóònù. YouTube kì í jẹ́ kéèyàn fi fídíò mìíràn rọ́pò èyí tó ti wà níbẹ̀. Ńṣe lẹ máa pa á rẹ́, ẹ ó sì tún un gbé. Iye àwọn tó ti wò ó àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ á lọ, líǹkì tí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí náà ò sì ní ṣí mọ́. Dátà tí ẹ fi gbé ti àkọ́kọ́ ti jóná nìyẹn.